«Ta ló wá dá Ọlọ́run?»: ohun tí Thomas Aquinas kò sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé Thomas Aquinas (1225–1274), onímọ̀ ọgbọ́n orí àti ẹ̀kọ́ ìsìn Kátólíìkì, fi gbólóhùn kan gbé ẹ̀rí rẹ̀ ró pé Ọlọ́run wà: ohun gbogbo ló ní ohun tó fà á. Wọn a wá ní, ta ló fa Ọlọ́run? Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gan-an bi í bẹ́ẹ̀ nínú àsọyé tó ṣe ní London ní 1927.

Ẹ ṣí ìwé Aquinas, Summa Theologiae, apá kìíní, ìbéèrè 2, ẹsẹ 3. Gbólóhùn yẹn kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó bá ń yí padà, nǹkan mìíràn ló ń yí i padà. «Ohun tó ń yí padà» kì í ṣe «ohun gbogbo».

Àṣìṣe kejì ló wọ́pọ̀ jù: Aquinas pe Ọlọ́run ní «àkọ́kọ́» nínú ohun tó ń fa nǹkan, wọ́n sì rò pé «àkọ́kọ́» túmọ̀ sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ayé nígbà láéláé. Nínú ìbéèrè 46 ìwé kan náà, Aquinas mú oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó ń lo òòlù wá. Èyí kán, ó mú òmíràn. Bí òòlù bá ń kán láti ayérayé, kò ba nǹkan kan jẹ́, torí òòlù àná kọ́ ló ń gbé tòní. Ó ní ìgbàgbọ́ ló sọ fún wa pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Làákàyè kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n wo òkúta tí igi ń tì, tí ọwọ́ sì ń ti igi. Ọwọ́ dúró, igi dúró, òkúta dúró, lójú ẹsẹ̀. Ìbáà jẹ́ 1,000 igi lo tò síra wọn, igi kò lè ti ara rẹ̀. Irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, ló ní kò lè ṣe kó má lórí: orí yẹn ni «àkọ́kọ́».

Kí ló dé tí orí náà kò nílò ẹlòmíràn? Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí, torí «jẹ́» àti «wà» kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ «esse» Látìn ló kó méjèèjì pọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, De ente et essentia, Aquinas ní o lè mọ ohun tí phoenix, ẹyẹ inú àlọ́, jẹ́ láìmọ̀ bóyá ó wà. Nítorí náà, wíwà kò sí lára ohun tí ẹyẹ náà jẹ́. Bó bá wà, ó gbà á láti ibòmíràn ni. Ọlọ́run nìkan, lójú rẹ̀, ni jíjẹ́ àti wíwà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ko Aquinas, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àtakò Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Jámánì, dé ní 1781: 100 táálà (owó Jámánì àtijọ́) tó wà lápò kò fi ẹyọ kan ju 100 táálà inú èrò lọ, torí «wà» kò fi nǹkan kan kún ohun tí nǹkan jẹ́, ìbáà jẹ́ Ọlọ́run.