Oògùn tó nílò ilé kó tó ṣiṣẹ́

Bí aláìsàn tí kò nílé lórí bá padà sí ọsíbítù láìpẹ́ sígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, tí egbò rẹ̀ ti kẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kò gbọ́ràn, kò lo oògùn. Ọ̀rọ̀ náà ń bíni nínú, torí pé ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì wo oògùn fúnra rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tí omi ń gbá jọ sí lẹ́sẹ̀, wọ́n lè fún un ní furosemide, oògùn tó ń mú kí omi tó pọ̀ jù lára bá ìtọ̀ jáde. Kò ní pẹ́ tó bá ti gbé e mì tí yóò fi máa tọ̀ lemọ́lemọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Níbo ni ẹni tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà yóò ti rí ilé ìtọ̀ láàárọ̀ kùtù? Kó má baà tọ̀ sára níṣojú ayé, á fi oògùn sápò. Ínsúlínì tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń lò ńkọ́? Bó bá dì nínú òtútù, kò wúlò mọ́, òtútù Boston sì lè mú omi dì sínú àpò èèyàn. Wọ́n tún ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó sinmi. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń gba aláìnílé sùn lálẹ́ ló ń ní kí wọ́n jáde bílẹ̀ bá ti mọ́.

Barbara McInnis, nọ́ọ̀sì ní Pine Street Inn, ilé kan tí wọ́n ti ń gba aláìnílé sùn ní Boston, mọ gbogbo èyí. Nígbà tí dókítà Jim O'Connell dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1985, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yàn fún un ni pé kó máa fi omi wẹ ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn. Ọgbọ́n ńlá ni. Dókítà wà nílẹ̀, aláìsàn jókòó lórí àga, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ẹni tó bá wà nípò yẹn ló máa gbọ́ ìdí tí oògùn fi ń gbé inú àpò.

Ètò ìlera àwọn aláìnílé tí O'Connell bá wọn dá sílẹ̀, Boston Health Care for the Homeless Program, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùsùn 25 fún ẹni tó ti yá kọjá kí ọsíbítù dá a dúró, àmọ́ tí ara rẹ̀ kò tíì le tó láti sun títì. Ibùsùn 104 ló wà báyìí ní Barbara McInnis House, ilé ètò náà tí wọ́n fi orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn pè. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n ń tọ́jú oògùn, oúnjẹ ń dé lásìkò, ilé ìtọ̀ kò sì jìnnà. Oògùn kan náà tó “kọ̀” láti ṣiṣẹ́ lójú títì wá ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó kù sí ni pé ibùsùn yìí kì í ṣe ilé. Bí egbò bá ti san, ẹlòmíràn ti ń dúró de àyè yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa wá yàrá kiri nínú ìlú tí owó ilé ti wọ́n kọjá sísọ. Ara ìtọ́jú ni yàrá tí wọ́n ń wá yẹn, ó sì yẹ kí owó ìlera máa san án.