Ta Ló Kọ́kọ́ Gun Àpáta Bamburgh?

Ẹni tó bá gba etí òkun láti Seahouses lọ sí ìhà àríwá, kó tó dé abúlé Bamburgh ni yóò ti máa wo ilé olódi náà lókè téńté, lórí àpáta dúdú tó kọjú sí òkun Northumberland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún àlejò ni pé Ida, ọba àwọn Angle, ẹ̀yà tó ti òkè òkun wá, ló tẹ ibẹ̀ dó ní ọdún 547. Èmi ò gbà. Ida bá ilé nílẹ̀ ni.

Ìwé ìtàn kan wà tí wọ́n kọ ní Wales ní nǹkan bí ọdún 830. Din Guaire ni wọ́n pe ibẹ̀ níbẹ̀, èdè àwọn Briton tó ti ń gbé ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ sì ni. Odi ni “din” lédè wọn. Ǹjẹ́ àjèjì á kọ́ odi tuntun tán, kó wá fi èdè ọ̀tá sọ ọ́ lórúkọ? Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ti rí àpá àwọn tó gbé orí àpáta yẹn kí Ida tó dé. Ẹ tiẹ̀ wo àpáta ọ̀hún fúnra rẹ̀: ó ga, ó dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ á rí ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun orí ilẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ogun ṣe lé àwọn Ẹ̀gbá sábẹ́ Olúmọ ni yóò ti lé àwọn kan gun ibí yìí, ó lè ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Ida. Ta ló máa fi irú ibẹ̀ sílẹ̀ lófo?

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Ida tọ́ka sí ìwé ìtàn ọdọọdún àwọn Angle àti Saxon, tó ní ọgbà igi ló kọ́kọ́ fi yí i ká, kó tó di ògiri. Ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn ikú Ida kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé Wales yẹn kan náà ló sọ pé Æthelfrith, ọmọ-ọmọ Ida, fi odi náà ta ìyàwó rẹ̀ Bebba lọ́rẹ. Ibẹ̀ ni Bebbanburh, odi Bebba, ti wá, tó di Bamburgh. Nínú gbogbo ọba tó jẹ lórí àpáta yẹn, orúkọ obìnrin ló kù síbẹ̀.

Àwọn abúlé ìtòsí ló máa ń jìyà odi náà. Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, sọ bí Penda, ọba Mercia, ìjọba kan ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe gbógun dé tí kò rí i gbà. Ó ní kí wọ́n wó àwọn abúlé ìtòsí, wọ́n kó igi àjà, pákó, ògiri igi híhun àti koríko ìbolé wá, wọ́n kó wọn jọ pelemọ sí ìdí odi, wọ́n dúró de afẹ́fẹ́, wọ́n sọ iná sí i. Bíṣọ́ọ̀bù Aidan rí èéfín láti erékùṣù Farne, ó gbàdúrà, afẹ́fẹ́ yí, iná sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó dá a. Odi yè, ṣùgbọ́n Bede ò sọ ibi tí àwọn onílé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Abúlé Bamburgh ni Aidan kú sí ní 651, ó fara ti igi tó gbé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ró. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn Viking, ajalèlókun láti Scandinavia, kó o ní 993. Àwọn Norman, tó wá láti ilẹ̀ Faransé, kọ́ ilé gogoro rẹ̀. Ní 1464, òun ni odi àkọ́kọ́ tí àgbá ìbọn ṣẹ́gun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lord Armstrong, tí ṣíṣe ìbọn ńlá sọ di olówó, rà á ní 1894, ó tún un kọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí àlejò ń ya fọ́tò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni.

Ẹni tó bá lọ, kó má ṣe jókòó sínú odi nìkan. Ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní Seahouses lọ sí Farne. Ní Craster, abúlé apẹja kan ní etí òkun yẹn, wọ́n ṣì ń fi èéfín igi óákù yan ẹja hẹ́rín; ó dáa ju gbogbo oúnjẹ ilé odi lọ. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé àwókù odi Dunstanburgh, tí Thomas, Earl of Lancaster, bẹ̀rẹ̀ ní 1313. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́ tiẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi pẹ́ níbẹ̀.