Láàrin "wọ́n ní" àti "ó ṣojú mi": bí a ṣe ń wá orísun ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá wá ìtumọ̀ orúkọ ìlú rẹ̀ lórí Google, púpọ̀ nínú ojú ewé tí yóò rí ni yóò sọ fún un pé láti ara Ògúnlọlá, tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ni orúkọ náà ti wá. Yóò dà bí ẹni pé ẹlẹ́rìí mẹ́wàá ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá fara balẹ̀ kà wọ́n, ó lè rí i pé gbólóhùn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń tún sọ, tòun ti àṣìkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Ọ̀nà tí a fi ń dán èyí wò kò le. A ó mú gbólóhùn gígùn kan nínú ojú ewé náà, a ó fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì wá a. Àmì yìí ló ń sọ fún Google pé ọ̀rọ̀ náà gan-an, bí a ṣe tò ó, ni a fẹ́. Nígbà tí àwọn tó da gbólóhùn náà kọ bá jáde, a ó wo èyí tó pẹ́ jù, àti ibi tí òǹkọ̀wé rẹ̀ sọ pé òun ti gbọ́ ọ: ṣé ààfin Ṣọ̀ún ni, ṣé ìwé ìtàn ni, àbí ó kàn ní "wọ́n ní"? Àìrí orísun kò sọ ìtàn di irọ́ o. Ìtàn àtẹnudẹ́nu náà ní ìdílé tó ń pa á mọ́, a sì lè lọ bi wọ́n.

Ọjọ́ tí a kọ ọ̀rọ̀ náà tún wà ńbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò. Ojú ewé ọdún 2015 tó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò purọ́, nítorí ọdún 2020 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ẹni tó da á kọ lónìí ló ṣàṣìṣe.

Ní ti ìlera, àìmọ orísun a máa pani. Nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà ní ọdún 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn kálẹ̀ pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún. Ẹ̀gbọ́n, àǹtí tàbí ará ìjọ tí a fọkàn tán ló sábà máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ìfọkàntán yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí á rántí pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ́ ló kọ ọ́, àti pé kò sí dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a gbọ́ ìròyìn ikú ènìyàn méjì tó mu omi iyọ̀ ní Nàìjíríà.

Wikipedia máa ń fi nọ́ńbà kéékèèké sẹ́yìn gbólóhùn, èyí tó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ó yẹ kí á tọ̀ ọ́ lọ, nítorí nígbà mìíràn ìwé ìròyìn tó tọ́ka sí yìí, ọ̀dọ̀ Wikipedia fúnra rẹ̀ ló ti da ọ̀rọ̀ kọ, tí àwọn méjèèjì wá ń jẹ́rìí síra wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, orísun kò tíì yọjú.