Yíyẹ Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ojú Omi Àtijọ́ Wò àti Rírí Pátì Rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ojú omi ni ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì láti ti ọkọ̀ ojú omi. Ó di ti àtijọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò bá ṣe irú rẹ̀ mọ́. Nǹkan méjì ni ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó sanwó: bóyá ara rẹ̀ ṣì le, àti ibi tí pátì rẹ̀ yóò ti máa wá. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ ṣe é tún ṣe bí pátì bá wà. Èyí tí kò ní pátì lọ́jà, bó ti wù kó mọ́ tó, ọjọ́ tó bá kọṣẹ́ ló di pàǹtí irin.

Ìbátan rẹ̀ lórí ilẹ̀

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò bá òkun pààlà níbì kankan, síbẹ̀ mẹkáníìkì tó wà ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé lè mọ ìdajì iṣẹ́ yìí láìtíì fojú kan etíkun. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún omi. Ti katakata tàbí ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí wọ́n wá de ohun èlò ojú omi mọ́ lára. Ẹ́ńjìnnì Perkins 4.236, tó jáde ní 1964, ló wà nínú katakata Massey Ferguson 375 tó ń túlẹ̀ lóko. Òun kan náà ló ń ti ọkọ̀ apẹja níbòmíràn. Sílíńdà 4 ló ní, ó sì tó nǹkan bíi lítà 3.9. Mercedes OM352 onísílíńdà 6, tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù 911 kó gẹdú mọ̀ dunjú, ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú.

Èrè ibẹ̀ ni pé písítìn, rìngì, bẹ́ẹ̀rìn, gásíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́súùlù wọn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pátì katakata àti ti akẹ́rù, títí dé Ládípọ̀ l'Ékòó, kò sì ní wọ́n tó ohun tí wọ́n bá pè ní ti ojú omi. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó fi ra pátì. Èyí tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, wọ́n sì lè ti rìbọ́ọ̀ òmíràn rí, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbẹ́ ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ sí i, tí písítìn àkọ́kọ́ kò fi ní bá a mu mọ́. Kí a ha kun àti ìpẹtà kúrò lórí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára blọ́ọ̀kì, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ tán, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Lára Perkins, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ ìdílé tí ẹ́ńjìnnì náà ti wá.

Ibi tí omi iyọ̀ ti ń ṣọṣẹ́

Katakata ní rédíétọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tù. Ọkọ̀ ojú omi ń fa omi òkun wọlé. Nínú àwọn kan, omi iyọ̀ yìí ń gba inú blọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kọjá, ó sì ń jẹ irin láti inú wá. Èyí tó sàn jù ni kí omi tí kò níyọ̀ máa yí nínú ẹ́ńjìnnì, kí omi òkun sì máa gba inú páìpù kéékèèké kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti tù ú, pẹ̀lú síńkì tí iyọ̀ yóò máa jẹ dípò irin. Bí síńkì náà bá ti jẹ tán tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀, kí olùrà wo gbogbo ìyókù tìfura-tìfura.

Ìkọ́nà salẹ́ńsà, níbi tí omi ti ń pàdé èéfín gbígbóná, ló burú jù. Bó bá dá lu nínú, omi lè padà sínú sílíńdà. Àwọn pátì ojú omi wọ̀nyí, pẹ̀lú gíà bọ́ọ̀sì ti ojú omi, kò sí lára katakata, nítorí náà àwọn ni kí a kọ́kọ́ wá kiri kí a tó dúnàádúrà.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Kí a fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹni tó ń tà á ti tàn án ṣáájú, kí a padà wá nígbà tó bá tutù. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo: afẹ́fẹ́ tí písítìn tẹ̀ mọ́ra ló ń gbóná débi tí epo fi ń gbiná. Nínú Perkins 4.236, ìdá 1 nínú 16 ni afẹ́fẹ́ náà ń dì. Bí rìngì bá ti jẹ, agbára yìí ń jò, àárọ̀ tútù ló sì máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Èéfín búlúù ń sọ pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú, pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ tàbí pé ẹrù wúwo jù. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tó gbóná, pé epo kò jó tán tàbí pé omi ń wọlé. Kí a ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́: bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bí ẹni ń mí hẹlẹ, rìngì tàbí sílíńdà ti jẹ. Ọ́ìlì dúdú kò burú nínú dísẹ́ẹ̀lì, àmọ́ èyí tó funfun bí ògì ti bómi pò.

Ohun tí a kò rí rà

Tọ́nà tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ búṣì tàbí ọ̀pá pọ́ǹpù omi. Kò lè ṣe pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń wọn epo sínú sílíńdà. Ọ̀pọ̀ Perkins 4.236 ń lo irú pọ́ǹpù CAV tó wà lára katakata, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ṣètò ti ojú omi sí lè yàtọ̀, nítorí náà ẹni tó bá yọ ti katakata gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdiwọ̀n pọ́ǹpù, kó tún un ṣètò, kó tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.