Apá Tó Rọ Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ Bùbá

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú bàbá, ohun tí gbogbo ilé ń béèrè ni ìgbà tí wọ́n máa rìn. Ìbéèrè àwa tó ń ṣe iṣẹ́ occupational therapy ni pé: ta ló wọ ẹ̀wù fún wọn láàárọ̀ yìí? Ohun tí à ń wá ni kí wọ́n tún lè dá wẹ̀, dá jẹun, dá wọṣọ, kódà bí ọwọ́ kan kò bá tíì padà bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ ká mú bùbá. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Etí bẹ́ẹ̀dì kò dára. Fóòmù á rì, wọ́n á sì fì sápá kan. Ẹ tẹ́ bùbá sórí itan wọn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, kí ọrùn rẹ̀ wà lọ́nà orúnkún. Ọwọ́ tó lágbára ni wọ́n á fi ki èyí tó rọ bọ apá bùbá, wọ́n á fà á kọjá ìgúnpá títí dé èjìká. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tó lágbára á wọ tirẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọrùn bùbá kọjá orí. Ìgúnpá yẹn ló máa ń dá iṣẹ́ dúró: bí aṣọ bá há síbẹ̀, kò ní ṣeé gbé kọjá orí, ọmọ tó dúró tì wọ́n á sì sáré gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Ibi tó há gan-an ni kí ẹ bá wọn tú, kí ẹ sì yọwọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ ọ, apá tó lágbára ló ń ṣáájú. Ní ti ṣòkòtò, ẹsẹ̀ tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ fi rọ́bà rọ́pò okùn rẹ̀, torí ọwọ́ méjì ni okùn ń fẹ́.

Ẹ má fi ọwọ́ tó rọ fa bàbá dìde láé. Iṣan tó di èjìká mú ti dẹ̀, oríkèé ibẹ̀ lè yẹ̀.

Ní balùwẹ̀, àga rọ́bà tó ní apá ni kí wọ́n jókòó lé, kí ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé korobá sórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ tó lágbára, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i. Ọwọ́ tó lágbára ni kí wọ́n fi tọ́ ọ wò, torí èyí tó rọ lè má mọ̀ pé omi gbóná. Báwo ni wọ́n ṣe máa fọ ọwọ́ tó lágbára fúnra rẹ̀? Kí wọ́n tẹ́ kànìnkànìn ọlọ́ṣẹ sórí itan, kí wọ́n máa fi apá ra á.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló rọ, òsì ni wọ́n á fi jẹun. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì jẹ́ kí àlejò dójú tì wọ́n. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa sáré, kí ọwọ́ ọ̀tún sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.