Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí yín: ṣé kí ẹ gbà á wọlé?

Ní 2020, Thunderbird, tí ọ̀pọ̀ fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, gbé OpenPGP, ọ̀nà tí a fi ń ti ímeèlì pa kí ẹlòmíràn má bàa kà á, sínú ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí fáìlì .asc, tó gbé kọ́kọ́rọ́ OpenPGP dání, bá lẹ́tà wọn wọlé ti ń béèrè ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni lóòótọ́?
Orúkọ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣí lẹ́tà, títì ló ń tì í. Àgádágodo tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kí wá ni "Import"?
Ẹ kó àgádágodo náà sápò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè bóyá mo gbà á?
Gbígbà wọlé yàtọ̀ sí gbígbà gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣe kọ́kọ́rọ́ kó sì kọ orúkọ ọ̀gá yín sí i. Ìdí nìyẹn tí Thunderbird fi ya "mo gbà, ṣùgbọ́n n kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò" sọ́tọ̀ kúrò lára "mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi." Ẹ lè fi èyí àkọ́kọ́ kọ̀wé. Kí ẹ tó mú ìkejì, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù, kó ka àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí yín létí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 ni, ìlọ́po méjì tókìn iná tí ẹ máa ń tẹ̀ sínú mítà nínú òkùnkùn. Ẹ má gbà á nínú ímeèlì kan náà o: ẹni tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lè pààrọ̀ ìyẹn náà.

Ṣé èmi nìkan ni kò yé ni?
Rárá. Ní 1999, àwọn olùṣèwádìí Alma Whitten àti Doug Tygar tẹ̀jáde ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fún ènìyàn 12 ní PGP 5.0, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti ímeèlì pa, àti 90 ìṣẹ́jú, pé kí wọ́n fi í ti àṣírí kan pa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ìdá mẹ́ta wọn kan péré ló ṣe é bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn fi àṣírí náà ránṣẹ́ ní gbangba. Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí ǹ bá kọ sára bọ́tìnnì "Import" ni "Tọ́jú àgádágodo Ṣọlá." Wọn ò tíì bi mí.

Bí kọ́kọ́rọ́ ọ̀rẹ́ mi bá ṣàdédé yí padà ńkọ́?
Ẹ pè é kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Kí ni kí n bẹ̀rù?
Fáìlì tí ẹ bá rí "PRIVATE KEY BLOCK" lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí lẹ́tà gan-an nìyẹn. Bí ẹnìkan bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, àṣìṣe ni. Ẹ má kó o wọlé, ẹ ta á lólobó. Bó bá jẹ́ tiyín lẹ fi ránṣẹ́, ẹ fagi lé e lónìí, kí ẹ ṣe òmíràn.