Ọmọ Tó Ka Ecology, Iṣẹ́ Wo Ló Fẹ́ Ṣe?

Òfin kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 ní kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ìròyìn náà dé Oǹdó, ìbéèrè sì pọ̀ ní Àkúrẹ́: ta ni yóò máa yẹ oko wò? Ṣé ọmọ tó ka ecology àti evolution lè jẹun nídìí rẹ̀?

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an?
Bí ewéko, ẹranko àti kòkòrò ṣe ń gbé pọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran.

Iṣẹ́ wo ló wà nídìí kòkó?
Oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi ojú ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà hàn lórí máàpù. Bí a bá wo oko kòkó àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi ńlá láti ojú sátẹ́láìtì, ó lè jọ igbó. Ẹni tó mọ igi, tó sì fẹsẹ̀ rin oko náà ló lè gba àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé ó pa igbó run. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é.

Yàtọ̀ sí kòkó ńkọ́?
Ẹ wo ibà Lassa tó ń dààmú Ọ̀wọ̀. Eku ló ń gbé e kiri, nítorí náà a nílò ẹni tó mọ ibi tí eku ń sùn, ohun tó ń jẹ àti ìgbà tó ń bímọ. Nígbà tí àrùn náà gbilẹ̀ lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ yẹ apilẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn náà wò, láti mọ bó ṣe ń yí padà. Wọ́n rí i pé láti ara eku ni ọ̀pọ̀ ti kó o, kì í ṣe láti ara èèyàn sí èèyàn. Ìmọ̀ evolution nìyẹn, ẹ̀mí ló sì ń gbà là. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe ní ibùdó ìwádìí apilẹ̀ àbùdá àrùn tí wọ́n mọ̀ sí ACEGID tẹ́lẹ̀, ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ.

Iṣẹ́ ìjọba?
NESREA, àjọ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ; àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀; FRIN, ibùdó ìwádìí igbó, àti CRIN, ibùdó ìwádìí kòkó, ní Ìbàdàn. Àyè wọn kì í pọ̀.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?
Ìwé ẹ̀rí láìsí iṣẹ́ ọwọ́. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà kì í sábà wà nínú ìpolówó iṣẹ́: àyẹ̀wò àyíká, máàpù tàbí ìlera ìlú ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Kí ọmọ náà kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, àti R, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí àkókò IT, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́, bá tó, kí ó wá ibi tí wọn yóò ti mú un wọ igbó, bíi igbó ọba tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra bàtà òjò fún un.